Ẹṣin tó ń yí gbirigbiri lẹ́yìn oúnjẹ: ìdáhùn sí òǹkàwé kan ní Ìsánlú

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ìsánlú ni mo ti ń kọ̀wé. Nígbà tí bàbá mi jẹ oyè, a ra akọ ẹṣin kan wá láti Ìlọrin, èmi ni mo sì ń tọ́jú rẹ̀. Kóńgò àgbàdo kan ni mo ń dà fún un láàárọ̀ kí n tó lọ sóko, n ó so ó mọ́ abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé títí n ó fi dé, n ó wá da kóńgò kan àti èérí ọkà bàbà fún un lálẹ́. Nígbà mìíràn mo máa ń ju èèpo ẹ̀gẹ́ sí i bí mo ṣe ń ṣe fún ewúrẹ́. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, bó bá jẹun tán, á máa fi ẹsẹ̀ walẹ̀, á máa wo ìhà ara rẹ̀, á dùbúlẹ̀, á sì máa yí gbirigbiri. Ẹnìkan ní ká fi ìgò da epo pupa àti àlùbọ́sà sí i lẹ́nu kó lè bì. A dà á, kò bì. Màlúù àwọn Fúlàní tó wà nítòsí wa ń jẹ gbogbo nǹkan wọ̀nyí láìsí wàhálà. Kí ló wà nínú ikùn ẹṣin gan-an? Kí sì ni kí n ṣe? Ó tún fẹ́ràn èso kajú. Ṣé n lè máa fún un bí àsìkò rẹ̀ bá dé?

Ìdáhùn: Okun o. Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ sì bá mi kí Bàbá kú oyè.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà yín ni ìgò epo pupa yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ohunkóhun sí ẹṣin náà lẹ́nu mọ́, ì báà jẹ́ epo, àgbo, omi iyọ̀ tàbí ọtí. Bí ènìyàn bá gbé orí ẹṣin sókè tó da epo sí i lọ́fun, apá kan lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Omi tó bá ṣìnà á mú ẹran wúkọ́ lójú ẹsẹ̀. Epo kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbà tí ẹ̀dọ̀fóró bá ti ń bàjẹ́ ni ẹ ó tó mọ̀. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí ìsinsìnyí, bí ẹ bá rí i pé ó ń wúkọ́, tí ikun ń jáde ní imú rẹ̀, tí ara rẹ̀ gbóná, tàbí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí kò sáré, ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an. Àwa náà máa ń fi epo ṣí ìfun ẹṣin, ṣùgbọ́n rọ́bà gígùn là ń tì gba ihò imú rẹ̀ títí dé inú àpòlúkù, a ó sì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò dájú pé ọ̀nà oúnjẹ ni rọ́bà náà gbà, kò gba ọ̀nà èémí.

Ẹṣin kì í bì. Níbi tí ọ̀fun ti wọ inú àpòlúkù, iṣan kan wà níbẹ̀ tó dì gírígírí, ọ̀fun náà sì dágẹ̀rẹ̀ wọlé débi pé bí àpòlúkù bá ṣe ń wú ni ẹnu ọ̀nà náà ń pa dé sí i. Iwájú nìkan ni ohun tó bá ti wọlé lè lọ. Bí iwájú bá wá dí, tí oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ń kó jọ, àpòlúkù á bẹ́ kí ẹṣin tó bì, èyí tó bá sì ti bẹ́ kò lóògùn. Nítorí náà, ìgbàkigbà tí ẹ bá rí oúnjẹ tàbí omi aláwọ̀ ewé tó ń dà jáde ní ihò imú rẹ̀, ẹ má ṣe yọ̀ pé ó ti bì. Ọ̀kan nínú nǹkan méjì ni: yálà oúnjẹ há a lọ́fun, tàbí àpòlúkù ti kún kọjá ààlà. Ẹ kó oúnjẹ àti omi kúrò níwájú rẹ̀, kí ẹ sì wá dókítà.

Àpòlúkù ọ̀hún kéré ju bí ẹ ti rò lọ. Lára ẹṣin ńlá tó wúwo tó 500 kílò, lítà 8 sí 15 péré ló ń gbà, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ohun tí ikùn rẹ̀ lè gbà. Ẹṣin ìlú wa kì í tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ká ní tiyín wúwo tó 300 kílò, àpòlúkù tirẹ̀ tún kéré sí i. Ẹni tó bá ti rí ṣàkì màlúù tí alápatà tú sílẹ̀, tó kún agbada, kò ní gbà gbọ́ pé ẹran tó ga tó ẹṣin ni mò ń sọ.

Ohun tó ya àpòlúkù ẹṣin sọ́tọ̀ jù ni pé kì í dúró de oúnjẹ kó tó da omi kíkan, ìyẹn ásíìdì. Tọ̀sán-tòru ló ń dà á, bí ẹ̀rọ omi tí ẹnìkan gbàgbé láti tì. Koríko tó wà nínú àpòlúkù àti itọ́ ló ń rọ omi kíkan náà lójú. Ènìyàn á gbọ́ òórùn ọbẹ̀, itọ́ á ti yọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹṣin ò mọ ìyẹn. Àfi bó bá ń fi eyín lọ nǹkan ni itọ́ rẹ̀ ń sun. Ẹṣin ńlá tó ń jẹ koríko látàárọ̀ dalẹ́ lè gbé 35 sí 40 lítà itọ́ mì lójúmọ́. Bí ẹ bá sì dà á sínú igbó, tí ẹ fi í sílẹ̀, wákàtí 16 sí 18 ni yóò fi jẹun nínú ọjọ́ kan, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú orí nílẹ̀. Bí ara rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Kódà kò ní òróòro bíi ti màlúù àti ti ewúrẹ́, torí pé ẹran tí kì í yé jẹun kò nílò àpò tí yóò máa tọ́jú omi ẹ̀dọ̀ pa mọ́ di ìgbà oúnjẹ. Omi ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń kán lọ tààrà sínú ìfun nígbà gbogbo.

Ẹ wá fi èyí wo ètò tiyín. Ẹṣin lè jẹ kóńgò àgbàdo kan tán kí ẹ tó wẹ̀ tán láàárọ̀. Àgbàdo ò gba jíjẹ lẹ́nu púpọ̀, nítorí náà itọ́ tó bá a lọ kéré. Lẹ́yìn náà, abẹ́ igi máńgòrò. Ẹ ti gbálẹ̀ lẹ́yìnkùlé mọ́ tónítóní, kò sí ewé koríko kan. Láti nǹkan bí aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, omi kíkan ń dà, itọ́ ò sí, àpòlúkù ti ṣófo. Ìdajì òkè àpòlúkù ẹṣin kò ní ohun tó bò ó bíi ti ìdajì ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni omi kíkan yìí sì ń bù jẹ. Lára ẹṣin eré ìje tí wọ́n ń fi ọkà bọ́, tí wọ́n sì ń tì mọ́lé, àwọn tí wọ́n máa ń bá ọgbẹ́ nínú àpòlúkù wọn lè tó mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé ebi ò pa wọ́n rí lójú olówó wọn. Nígbà tí ọkà ìrọ̀lẹ́ bá wá dé orí ọgbẹ́ yẹn, ẹ ó rí i kó máa walẹ̀, kó máa wo ìhà.

Ohun tí mo gbà nìyẹn: ebi ọ̀sán ló ń ṣe ẹṣin yín. Ẹ ń bọ́ ọ, mo mọ̀, àgbàdo yín sì lè má kéré. Wákàtí tí nǹkan kan ò sí lẹ́nu rẹ̀ ni àìsàn náà ti ń wọlé. Àgbàdo, èèpo ẹ̀gẹ́ àti ọyẹ́ ló ń rù ú sókè.

Ẹ jẹ́ ká dé orí àgbàdo. Oúnjẹ kì í pẹ́ nínú àpòlúkù kékeré yẹn kó tó bọ́ sínú ìfun kékeré, tó gùn tó bí ogún mítà lára ẹṣin ńlá. Ibẹ̀ ló yẹ kí sítáàṣì inú ọkà ti yọ́. Ṣùgbọ́n láàárín wákàtí kan sí mẹ́ta ni oúnjẹ ń gba ibẹ̀ kọjá, àgbàdo odindi tí a kò sè tí a kò lọ̀ sì le fún ìfun yìí ju ọ̀pọ̀ ọkà mìíràn lọ. Èyí tí kò bá yọ́ á ṣàn kọjá sẹ́yìn. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni ilé ìdáná ẹṣin wà. Àpò ńlá kan wà níbi tí ìfun kékeré parí sí, ó gùn tó bíi mítà kan, ó ń gba bí ọgbọ̀n lítà, ẹnu tí oúnjẹ ń gbà wọlé àti èyí tó ń gbà jáde sì wà lókè papọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìfun ńlá tó ń gba bí ọgọ́rin lítà, tí wọ́n ká po kó tó gba inú ikùn. Àìmọye kòkòrò àìfojúrí ló ń gbé inú méjèèjì, iṣẹ́ wọn ni láti fọ́ fọ́nrán líle inú koríko kó di ohun tí ara ẹṣin lè lò. Ó ju ìdajì agbára ẹṣin tó ń jẹ koríko lọ tó ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn kòkòrò wọ̀nyí. Ẹni tó bá ní abo ẹṣin á ti rí i pé ọmọ rẹ̀ a máa jẹ ìgbẹ́ ìyá rẹ̀ nígbà tó bá ṣì kéré. Kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́, ẹ má ṣe lù ú. Kòkòrò àìfojúrí ìyá rẹ̀ ló ń kó sínú ara rẹ̀.

Sítáàṣì àgbàdo tó bá ya wọ ibẹ̀ lójijì á bí àwọn kòkòrò mìíràn tó ń sọ ọ́ di omi kíkan. Àwọn tó ń fọ́ koríko á kú, gáàsì á pọ̀, májèlé ara àwọn tó kú á sì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Inú á run ẹṣin. Nígbà mìíràn inú á tilẹ̀ dákẹ́, kí ó wá jẹ́ ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ: pátákò á gbóná, ẹṣin á máa rìn bí ẹni tó ń tẹ iná, á sì na ẹsẹ̀ iwájú síwájú láti fi ẹ̀yìn gbé ara rẹ̀. Àìsàn pátákò yẹn lè sọ ẹṣin di arọ títí láé. Oúnjẹ ló sì mú un wá.

Ẹ béèrè nípa màlúù. Iwájú ni màlúù gbé ìkòkò tirẹ̀ kà. Koríko kọ́kọ́ máa ń bọ́ sínú ṣàkì, àwọn kòkòrò àìfojúrí á ṣiṣẹ́ lé e lórí níbẹ̀, màlúù á dá a padà sẹ́nu, á jẹ àpọ̀jẹ, á tún un gbé mì, kí ó tó dé ìfun kékeré tí ara yóò ti gbà á. Ó tún láyè láti gùfẹ̀ jáde ní ẹnu. Ẹṣin gbé tirẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́yìn ìfun kékeré, kò ní àpọ̀jẹ, kò lè gùfẹ̀ bíi màlúù, kò sì lè bì. Ohun tí màlúù jẹ kò sọ nǹkan kan fún yín nípa ẹṣin.

Mi ò sì fi èyí bú yín o. Ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ ẹṣin. Láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ́, lára ẹṣin ogun Núpé láti Bídà ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá ńlá wa ti mọ ẹṣin ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, títí di ọdún 1897 tí Bídà fi ṣubú sọ́wọ́ Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Orí òkè àpáta ni wọ́n ń sá sí nígbà náà nítorí pé ẹṣin ò lè gùn ún. Eṣinṣin tsetse inú igbó, tó ń gbé àrùn sí ẹran lára, náà kò jẹ́ kí ẹṣin pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà ọgbọ́n bíbọ́ ẹṣin wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Ìlọrin àti lókè ọya, nígbà tó jẹ́ pé ewúrẹ́ àti àgùntàn la mọ̀ dénú. Bí ẹ bá tún ní àǹfààní láti bá ẹni tó tọ́jú ẹṣin yìí kí ẹ tó rà á sọ̀rọ̀, ẹ bi í léèrè ohun tó ń jẹ àti iye ìgbà. Ó lè jẹ́ pé àyípadà oúnjẹ láti Ìlọrin sí Ìsánlú gan-an wà lára wàhálà náà.

Ti ọyẹ́ yé mi dáadáa. Ní àsìkò yìí koríko ti gbẹ, omi inú ìkòkò á tutù láàárọ̀, ẹṣin á sì dín omi mímu kù lásìkò tí oúnjẹ gbígbẹ ń béèrè omi jù. Ibì kan wà nínú ìfun ńlá, lápá òsì, tó ṣẹ́rí padà, tó sì tún fún níbẹ̀. Oúnjẹ tó gbẹ máa ń há sí ibẹ̀. Ẹṣin ńlá lè mu 25 sí 50 lítà omi lójúmọ́, ó sì ń ju bẹ́ẹ̀ lọ bí oòrùn bá mú tàbí bó bá ṣiṣẹ́. Ẹ má gbé garawa kan kalẹ̀ láàárọ̀ kí ẹ máa lọ. Ẹ gbé agbada tí kò lè dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lábẹ́ igi náà, kí ẹnìkan nílé máa wò ó lọ́sàn-án, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, torí ẹṣin á fẹ́ kí òùngbẹ pa á ju kó mu omi tó ń rùn lọ. Iyọ̀ díẹ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀, bí ṣíbí ìjẹun méjì lójúmọ́, á mú un mu omi.

Ní ti oúnjẹ, koríko ni kó ṣáájú. Ẹṣin 300 kílò nílò bíi kílò mẹ́fà koríko gbígbẹ lójúmọ́, kò sì yẹ kó dín sí kílò mẹ́rin ààbọ̀ láé. Bó bá jẹ́ tútù ni, ẹ ó fẹ́ ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ìyẹn, nítorí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Eèsun tí kò tíì gbó dára. Èyí tó ti le, tó ti yọ òdòdó, igi ni fún un, ìfun ló ń dí. Ewé ẹ̀pà gbígbẹ tí àwọn Hausa ń pè ní harawa dára gidi, wọ́n sì máa ń tà á lọ́jà ẹran. Ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ẹ má fi koríko tútù tí ẹ gé ṣe òkìtì sun ilẹ̀ mọ́jú, ó máa ń gbóná láàárín, ó sì ń kan. Ẹ pín koríko náà sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí èyí tó pọ̀ jù lọ jẹ́ ti ọ̀sán lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, èyí tó tẹ̀ lé e ti òru. Bí ẹ bá fi àwọ̀n ẹja àtijọ́ tí ihò rẹ̀ kéré so ó rọ̀ sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lè kó sí, á pẹ́ nídìí rẹ̀. Bí ilẹ̀ tí ẹ lè so ó sí láti jẹko bá wà létí odò tàbí lórí pápá, ìyẹn tún sàn jù.

Àgbàdo ńkọ́? Ẹṣin tí kò ṣe ju kí a gùn ún lọ́jọ́ ọdún lọ lè má nílò rẹ̀ rárá bí koríko bá tó. Bí ẹ bá fẹ́ fún un, ẹ má ju 400 gíráàmù lọ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí mo fi ṣírò rẹ̀ ni pé gíráàmù kan sítáàṣì fún kílò kọ̀ọ̀kan ìwúwo ara ni ó yẹ kó jẹ lẹ́ẹ̀kan, ìdá méje nínú mẹ́wàá àgbàdo sì ni sítáàṣì. Kóńgò yín ju kílò kan lọ, nítorí náà ohun tí ẹ ń dà fún un lẹ́ẹ̀kan ju ìlọ́po méjì ohun tó yẹ lọ. Ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́ tàbí kí ẹ sè é, ẹ sì jẹ́ kó ti jẹ koríko kí àgbàdo tó dé. Ẹ lè dín àgbàdo kù láti òní. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tuntun tí ẹ bá fẹ́ fi kún oúnjẹ rẹ̀, ọjọ́ 10 sí 14 ni kí ẹ fi máa pọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Kí ẹ tó gùn ún, ní pàtàkì lọ́jọ́ ọdún tí ariwo pọ̀ tí gbogbo ènìyàn gbàgbé oúnjẹ rẹ̀, ẹ fún un ní koríko díẹ̀ kó jẹ. Bí ẹṣin bá ń sáré lórí òfìfo, omi kíkan á máa ta sókè sí ìdajì àpòlúkù tí kò ní ààbò.

Ẹ gbé oúnjẹ sínú agbada tàbí sórí pákó pẹlẹbẹ, ẹ má dà á sílẹ̀. Iyanrìn tó ń bá oúnjẹ wọlé máa ń jókòó sínú ìfun ńlá. Ẹ bu kókó ìgbẹ́ rẹ̀ bíi mẹ́fà sínú ìgò omi, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ jẹ́ kó sinmi. Bí iyanrìn bá sọ̀ sí ìdí ìgò náà, ẹ ti mọ ibi tí apá kan nínú ìrora náà ti wá.

Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù, ẹ pa á tì. Májèlé tó wà nínú rẹ̀ tètè ń pa ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ ju ẹṣin lọ ní tòótọ́, nítorí náà ewúrẹ́ yín gan-an wà nínú ewu, ṣùgbọ́n ti ẹṣin ni pé sítáàṣì pọ̀ nínú rẹ̀, ègé rẹ̀ tó tóbi sì lè há a lọ́fun. Ẹ má jẹ́ kó jẹ ọkà bàbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú lẹ́yìn ìkórè pẹ̀lú, májèlé kan náà wà nínú ewé rẹ̀ tuntun. Bí ẹṣin bá ń jẹ ẹ́ lọ́jọ́ púpọ̀, ìdí rẹ̀ á máa rọ, ìtọ̀ á sì máa kán lára rẹ̀ láìdáwọ́ dúró.

Ohun mẹ́ta mìíràn wà tí ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó ní ẹṣin láàárín adìyẹ àti màlúù. Oúnjẹ adìyẹ tí a rà lọ́jà máa ń ní oògùn tí wọ́n ń pè ní monensin tàbí salinomycin nínú, torí àrùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ adìyẹ. Díẹ̀ nínú monensin lè ba ọkàn ẹṣin jẹ́ kó sì pa á, bẹ́ẹ̀ sì rèé adìyẹ ń jẹ ẹ́, ara rẹ̀ ń dán. Ẹ ti oúnjẹ adìyẹ náà mọ́ yàrá. Àgbàdo tó bu náà, ẹ má rò pé ẹran ni yóò jẹ ẹ́. Olú kan tó ń wú lórí rẹ̀ máa ń fọ́ ọpọlọ ẹṣin. Oògùn eégbọn tí àwọn darandaran fi ń wẹ màlúù, tí amitraz wà nínú rẹ̀, máa ń dá iṣẹ́ ìfun ẹṣin dúró débi tí ìgbẹ́ á fi há sínú rẹ̀. Ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó fi pa á lára.

Aràn náà ń fa inú rírun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò kó tó fún un lóògùn. Oògùn tí kò bá ìwúwo rẹ̀ mu ló ń kọ́ aràn ní gbígbó oògùn. Kó sì wo eyín rẹ̀. Eyín ẹṣin ń yọ sókè ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, bíi mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta lọ́dún, ó máa ń ní eteetí tó mú tó ń gé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá ń rí koríko tó lọ́ pọ̀ tó tutù tó tu sílẹ̀, eyín ni.

Ẹ ó mọ ìgbà tó le, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan mọ́. Ẹ gbọ́wọ́ lé àyà rẹ̀ lápá òsì, lẹ́yìn ìgbọ̀nwọ́ ẹsẹ̀ iwájú, kí ẹ ka ìlù ọkàn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Láàárín 28 sí 44 ni ti ẹṣin tó ń sinmi. Bó bá ti ju 60 lọ nígbà tó dúró jẹ́jẹ́, ẹ má ṣe dúró de àárọ̀. Ẹ fi etí lé ìhà rẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì: inú tó ń kùn dára, inú tó dákẹ́ rọ́rọ́ kò dára. Ẹ ṣí ètè rẹ̀ wo èrìgì: bó bá pupa jù, tó dúdú bí ọgbẹ́ tàbí tó funfun, ẹ sáré. Ẹṣin tí ara rẹ̀ le máa ń yàgbẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà sí ẹ̀ẹ̀méjìlá lójúmọ́. Bí odindi ọjọ́ kan bá lọ láìsí ìgbẹ́ nílẹ̀, ọ̀ràn dé. Títí dókítà á fi dé, ẹ kó gbogbo oúnjẹ kúrò, ẹ jẹ́ kí omi wà, àfi bí nǹkan bá ń dà jáde ní ihò imú rẹ̀, ẹ mú un lọ síbi tó tẹ́jú tí kò sí òkúta. Ẹ lè fà á rìn jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má rìn ín títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Bó bá dùbúlẹ̀ láìyí, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má fún un ní oògùn ìrora láìsí àṣẹ, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fi kún ọgbẹ́ inú àpòlúkù. Bí ó bá nílò iṣẹ́ abẹ, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìlọrin ló sún mọ́ yín ju ti Zaria lọ. Ẹ ti bá awakọ̀ kan tó ní ọkọ̀ tó lè gbé ẹṣin sọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé.

Ní ti kajú: bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè fún un. Ẹ já ẹ̀pà rẹ̀ kúrò tán, torí epo inú èèpo ẹ̀pà kajú tútù máa ń jó ẹnu. Èso mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ẹ gé sí wẹ́wẹ́, lẹ́yìn tó ti jẹ koríko, kò ní ṣe é ní nǹkan. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín nípa rẹ̀ ni àwọn oko tí ẹ ti kó ẹ̀pà rẹ̀ tán tí èso rẹ̀ sì kún ilẹ̀, tó ń kan. Ẹ má so ó síbẹ̀. Ṣúgà inú rẹ̀ ń gba ọ̀nà kan náà tí àgbàdo ń gbà lọ sẹ́yìn, ẹṣin tó sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó dẹ́kun.